Ìka Tí Kò Ṣẹ̀

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ tẹ́ṣàn rí. Bàbá Ọlọ́pàá gba òwe yẹn gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó dúró síwájú dígí kékeré tó kọ́ sójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń fá irùngbọ̀n, tó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́ bí ilé tí aláìsàn wà.

Káfíńtà ni. Ọjọ́ tó bá ń lọ síbi ìgbéyàwó nìkan ló máa ń fá irùngbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní yàrá iwájú láti ìdájí, kò sì rán nǹkan kan. Ó kàn fi ẹsẹ̀ lé e ni, ó ń wo ọkọ rẹ̀ látinú dígí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ọlọ́pàá já wọ ìsọ̀ ọmọkùnrin wọn tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n ní fóònù ìyàwó agbaṣẹ́ṣe ńlá kan, tí wọ́n jí, ló wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Oníbàárà kan ló gbé e wá pé kó bá òun pààrọ̀ ojú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé òmíràn wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò dúró sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ sá lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wọ́n ti gbá a létí rí ní tẹ́ṣàn yẹn kan náà nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, etí òsì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ní tẹ́ṣàn yẹn náà ni ọmọbìnrin wọn, àkọ́bí, ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì pé oṣù méjì tó gba aṣọ. Ọlọ́pàá Wa ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọ́n sì sọ àwọn òbí rẹ̀ di Bàbá Ọlọ́pàá àti Ìyá Ọlọ́pàá. Nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé wá fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Á ní kí bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, pé bàbá ni afurasí. Á dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, á ní: "Ọlọ́pàá ni mí. Orúkọ mi nìyí. Ohun tí mo torí ẹ̀ mú yín nìyí. Ẹ lè dákẹ́. Ẹ lè pe ẹni yín." Bàbá á na ọwọ́ méjèèjì, á ní òun jẹ́wọ́, òun lòun jẹ ẹran inú ìkòkò, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni òfin ṣe wọ ilé náà, láti ẹnu ọmọ, pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe gba ọmọ gbọ́.

"Ibo lẹ ń lọ?" ni ìyàwó káfíńtà bi í nígbà tó wọ bàtà aláwọ rẹ̀.

"Tẹ́ṣàn."

"Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pè yín ni?"

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́? Màá sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í ṣe olè. Màá ní mi ò mọ ibi tó wà. Màá ní tó bá dé, èmi fúnra mi ni màá mú un wá. Ó tán."

"Àwọn wo lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún? Ṣé àwọn tó fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn tí wọn ò tì?"

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì, nítorí ọ̀sán ni iṣẹ́ tirẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́pàá mi, kí ni wọ́n kọ́ yín nípa irú èyí?"

Ọmọbìnrin náà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ká má parọ́, ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn. Ó nu ẹnu, ó jókòó dáadáa. "Bàbá, wọn kì í mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Olùkọ́ wa ní tí a bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí òun kọ́ wa, ká má gbàgbé ìyẹn. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Bàbá ò lè ṣẹ̀wọ̀n fún ọmọ, ọmọ ò lè ṣẹ̀wọ̀n fún bàbá. Ẹ lọ, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sàn ju kí wọ́n wá fọ́ ilé yìí náà lọ."

"Ìka tó ṣẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́?"

Bàbá wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní òun á lò ó tóun bá dé, nígbà tóun bá ti jẹun, òun ò ní pẹ́. Ó jáde. Alágbàfọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà gbé ojú sókè nídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ọlọ́pàá, irùngbọ̀n dà? Àbí a fẹ́ gbé ìyàwó kékeré ni?" Bàbá ní, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́ ọmọ mi." Ó sọ ọ́ sókè kí ìyàwó onílé tó ń fọ àtẹ̀gùn lè gbọ́.

Oòrùn gòkè, bàbá ò dé. Ìyá gbé ẹ̀wà kaná, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jinná, ó tún gbé e padà. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi tí kò yẹ, ó tú u, ó sì tún rán an síbẹ̀ padà. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tó yá, ọmọ náà wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kí àkókò tó tó, ó ní òun á lọ wo ohun tó dá Bàbá dúró. Ìyá rẹ̀ ń wo abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ohun tó dá a dúró kò ṣòroó mọ̀."

Bàtà bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó wà lábẹ́ kántà, bàtà aláwọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n ti ká bẹ́líìtì rẹ̀ sínú ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ tẹ́ṣàn lè rò pé ẹnì kan bọ́ ọ kí ilẹ̀ má bàa dọ̀tí ni. Ọmọbìnrin náà mọ̀. Òun náà ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

"Á, o dé," ni Sájẹ́ntì wí lẹ́yìn kántà. "Bàbá rẹ ti wà níbí láti àárọ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Fúnra wọn ni wọ́n wọlé wá, wọ́n kí gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Kí ni wọ́n ṣe, sà?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi wà ní àtìmọ́lé?"

"Nítorí pé àbúrò rẹ ò sí níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, láìfò ọ̀kankan. Sájẹ́ntì gbọ́ ọ títí dé òpin, kò já a lẹ́nu, ó tún ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ orin tó mọ̀ nígbà èwe. "Bàbá ti ka gbogbo rẹ̀ fún mi," ló wí. "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi náà, nígbà tí mo wà níbẹ̀, mo yege dáadáa nínú ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, àbúrò. Tẹ́ṣàn lo wà báyìí."

Ọmọbìnrin náà kọjá lọ sí yàrá Ọ̀gá Tẹ́ṣàn. Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan. Lára ògiri lẹ́yìn orí ọ̀gá, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ọn tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, eruku sì ti bo ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn kì í ṣe ìkà èèyàn. Inú mi ì bá dùn ká ní ó jẹ́ ìkà, nítorí ìkà rọrùn láti kórìíra. Ó ní kí ọmọbìnrin náà jókòó. Kò jókòó.

"Ká ní ọ̀rọ̀ owó ni," ni ọ̀gá wí, "màá ti ní kí bàbá rẹ máa lọ. Owó kọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó ni ẹjọ́ yìí, òun ló kọ́ ilé àwọn tó wà lókè mi. Láti àárọ̀ ni fóònù yìí ò ti sinmi. Wọ́n fẹ́ gbọ́ pé mo ti mú ẹnì kan. Bàbá rẹ ni ẹnì kan tí mo ní."

"Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀dí ẹ̀, sà."

"Ṣé mo ní wọ́n mọ̀dí ẹ̀ ni?" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Lọ sílé. Lọ mú àbúrò rẹ wá. Tó bá dé kí oòrùn tó wọ̀, bàbá rẹ á lọ. Tí kò bá dé, wọ́n á bi mí ta ni ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi, tí àbúrò rẹ̀ ń sá fún mi. Mi ò ní lè parọ́ fún wọn. Aṣọ yẹn bá ọ mu. Má jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó kí ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, ó yí padà, ó gba ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Bàbá rẹ̀ jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, láìwọ bàtà. Ọ̀kan nínú wọn ti fún un láyè lẹ́bàá ilẹ̀kùn kó lè máa rí afẹ́fẹ́. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó di irin mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?" ló bi í. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tójú ń tì. "Mo sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ gan-an. Bóyá mi ò sọ ọ́ dáadáa ni."

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Bàbá."

Nígbà tó padà dé àdúgbò, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣòkòtò kí ó má bàa jó. "Ọlọ́pàá Wa, ìgbà wo ni Bàbá ń bọ̀?" Nígbà tí ọmọ náà kọjá lọ, ó sọ fún oníbàárà rẹ̀, kò tiẹ̀ rọra sọ ọ́, pé bí ọlọ́pàá wa ò bá lè gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ta ló máa wá gba tiwa. Ìyàwó onílé ní tòun, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọmọ òun tó ní òun fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, kó yáa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ló wá bi í, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bóyá wọ́n máa wá tú ilé, nítorí ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, okùn tó fi ń wọn aṣọ kọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò béèrè bàbá. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, kò rí ẹnì kankan, ó wọlé padà.

"Wọ́n ní tó bá dé, Bàbá á máa bọ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Màmá, níbo ló wà?"

"Ta ló ń bi mí?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mò ń bèèrè ni: ṣé ọmọ mi ni, àbí ọlọ́pàá?"

"Màmá, ẹ má ṣe báyìí. Bàbá ò wọ bàtà. Wọn ò lo oògùn. Ẹ̀yin náà mọ bí ara wọn ṣe rí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ ni?"

"Ta ló rán an lọ?" Ìyá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ náà ló sì ń dun ọmọ. "Mo dúró níbí láàárọ̀, mo ní wọn ò ránṣẹ́ pè é. O nu ẹnu, o jókòó dáadáa, o ní kó máa lọ. Ó bá lọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ kiri nìyẹn, bí ẹni tó jẹ oyè. Ní báyìí o tún fẹ́ èkejì. Tí mo bá sọ ibi tó wà fún ọ, wọ́n á nà án àbí wọn ò ní nà án?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn yẹn, wọ́n ń kó tábìlì tó ti kán sí i. Láàárín oṣù méjì tí kò tíì pé yìí, ó ti gbọ́ ohùn láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, ó dìde lórí àga, Sájẹ́ntì ní kó jókòó, ó sì jókòó. Kò sọ ìyẹn nílé rí. Òpin ọ̀sẹ̀ tó dé lẹ́yìn ọjọ́ náà, nígbà tí bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí pé kí àwọn tún ṣe eré àwọn, ó ní ó ti rẹ òun.

Fóònù ìyá rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ ni. Ìyá já a gbà lórí ẹ̀rọ, ó gbé e sétí. "Bàbá wà dáadáa," ló kọ́kọ́ sọ. "Má wá o. Mo ní Bàbá wà dáadáa." Ó fetí sí i. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe?" Ó wá na fóònù náà sí ọmọbìnrin rẹ̀ láìfẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, títí tó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré, bẹ́ẹ̀ ó jókòó sójú kan ni. "Ṣé Bàbá wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Bàbá wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbé fóònù yẹn wá, mo mọ ojú ẹ̀. Mo lè júwe ẹ̀ fún wọn. Tí mo bá wá, tí mo sọ bó ṣe jẹ́, ṣé wọ́n á gbọ́? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn tó bá ti wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ mi ni. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Bí ó bá ní kó wá, bàbá á wálé, á jẹun, á lo oògùn. Bí ó bá ní kó má wá, etí kan ṣoṣo tó kù fún àbúrò rẹ̀ á ṣì wà fún un. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" ni àbúrò rẹ̀ ń pè é. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi?" Ó ń pè é bẹ́ẹ̀ títí tí owó orí fóònù tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíì fi tán, tí ìlà sì já. Kò tún pè mọ́.

Ìyá gba fóònù rẹ̀ padà, ó tì í sábẹ́ àwọn aṣọ tí kò tíì rán. "O ṣeun," ló wí. "Dídákẹ́ tí o dákẹ́ yẹn ni òótọ́ àkọ́kọ́ tí o sọ fún wa nípa iṣẹ́ yìí."

Ó gé búrẹ́dì, ó fi ẹyin sísè sí i, ó wé e. Ó mú oògùn lórí tábìlì. Ó wé gèlè rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má lọ, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún wọn." Ìyá ní ọkọ òun ni, òun lòun mọ bó ṣe ń gbé oògùn mì. Wọ́n jọ jáde, ìyá níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn, gbogbo ẹni tó sì rí wọn rò pé ó ti mú un ni. Alágbàfọ̀ kò bi wọ́n ní nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n ti gbé bàbá jáde kúrò ní sẹ́ẹ̀lì kí ìyá àti ọmọ tó dé. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà, àyà aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Ìyá fi oògùn sí i lẹ́nu, ó gbé omi fún un, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú títí ó fi gbé e mì. Sájẹ́ntì àti ọlọ́pàá míì fà á dìde, wọ́n mú un lọ sórí àtẹ̀gùn ìta kó lọ gba afẹ́fẹ́. Ọ̀gá Tẹ́ṣàn dúró, fóònù lọ́wọ́, kò pe ẹnì kankan. Ọjọ́ pẹ́ tí ìyá ti ń wọn ara èèyàn, tó sì ń mọ ibi tí aṣọ ti há wọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó wo ọ̀gá, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

"Ọ̀gá," ló wí, "tí ọkọ mi bá kú síbí, ẹjọ́ míì nìyẹn."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Ìyá? Tí mo bá ní kí wọ́n máa lọ, ta ni màá ní mo mú?"

"Ẹnì kan lẹ ń wá. Èmi náà, ẹnì kan ni mí."

Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òfin gbà bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ntì tó ti wọlé padà ní ó tiẹ̀ dára jù, kò sí ọmọkùnrin tó máa fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sá jìnnà. Ọmọbìnrin náà ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé dípò wọn." Ọ̀gá ní kó dákẹ́, ṣé òun lè ní òun ti ọlọ́pàá òun mọ́lé ni? Ó ronú díẹ̀, bí ẹni tó ń yan ẹ̀fọ́. Ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá máa lọ, kí wọ́n yẹ ìyá wò, kí wọ́n sì fi í sínú sẹ́ẹ̀lì.

Sájẹ́ntì na ọwọ́. Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. "Kí lo fẹ́ ṣe? Ṣé o fẹ́ kó mi sí wàhálà ni? Obìnrin ló ń yẹ obìnrin wò. Òfin ni."

Ẹ gbọ́ o. Òfin tó ní kí wọ́n má mú aláìṣẹ̀, wọn ò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin tó ní kí wọ́n sọ fún èèyàn ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú un, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Èyí tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹni tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n rántí, wọ́n sì pa á mọ́ délẹ̀délẹ̀. Gbogbo ojú yí sí ẹnì kan, nítorí obìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ní tẹ́ṣàn náà.

Wọ́n kọ́ ọ láti bẹ̀rẹ̀ láti orí. Wọ́n ní kó má wo ẹni náà lójú. Ó tú gèlè ìyá rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sórí kántà. Irun ìyá rẹ̀ ti funfun ju bó ṣe rò lọ. Ó yọ yẹtí. Ó bọ́ okùn tó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ ọ pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè fi irú rẹ̀ so ara rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó wà lára ọrùn bùbá. Kó tó ní kó gbé apá sókè, ìyá rẹ̀ ti gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ gba abẹ́ apá, ó gba ìhà méjèèjì, ó dé ìbàdí.

"Rọra," ni ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò kọjá etí ọmọ. "Abẹ́rẹ́ kan ṣì wà létí ìró mi. Kó má gún ọ."

Ó rí abẹ́rẹ́ náà, ó yọ ọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wọlé. Ọmọ rẹ̀ ló yí kọ́kọ́rọ́. Sájẹ́ntì ní, "O ṣe é dáadáa. Ó hàn pé wọ́n kọ́ ọ." Kò fi ṣẹ̀sín. Ó yìn ín tọkàntọkàn.

Ọmọbìnrin náà gbé bàtà bàbá rẹ̀ jáde fún un. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀ díẹ̀, oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó bá a wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀. Sájẹ́ntì dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wọn.

"Mo mọ̀ pé wọ́n á padà rí òótọ́," ni bàbá wí. "Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló fún mi lóògùn ni? Kí ló ṣì ń ṣe nínú lọ́hùn-ún?"

Ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ fún un. Ó wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò rí i. Sájẹ́ntì wúkọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu ọmọbìnrin náà ni èyí tó máa ń sọ lẹ́yìn kántà fún àwọn tó wá béèrè èèyàn wọn, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń sọ ọ́.

"Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́."

Bàbá wò ó. Ó wo bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ó wo fìlà, ó wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ lójú ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó dìde, ó sì tẹ orí ba díẹ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe níbẹ̀.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ló wí fún ọmọ rẹ̀.